Láti Ìkòkò Ògì dé Abọ́ Gíláàsì: Ìtàn Ìpanu Títutù Onípele ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ìfáárà

Lára àwọn ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé máa ń ṣe nígbà ìdánwò aláfọwọ́ṣe, ìpanu títutù onípele wà lára èyí tó máa ń fa ojú mọ́ra jù lọ. Inú abọ́ gíláàsì ni wọ́n máa ń tò ó sí kí ojú lè rí ìpele kọ̀ọ̀kan. Kéèkì tàbí bisikíìtì tí wọ́n rún ni yóò wà nísàlẹ̀. Wọn yóò da kọ́sítádì lé e lórí. Wọn yóò to èso tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ lé kọ́sítádì náà. Kọ́sítádì mìíràn yóò sì tún bo èso mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé abọ́ náà sínú fíríìjì títí ohun inú rẹ̀ yóò fi tutù, tí yóò sì dì. Tráífù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣe é kò bá ti fi jẹ́látììnì sí i, èyí tí wọ́n ń rí láti ara egungun àti awọ ẹran, ẹni tí kì í jẹ ẹran lè jẹ ẹ́ láìkọminú.

Èrò tó gbilẹ̀ láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé òkè òkun ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nídìí irú ìpanu bẹ́ẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ yìí gbé èrò náà yẹ̀ wò láti ojú ìtàn, ó sì fi àgbègbè Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Béèrè, Màpó àti Bẹyẹrúnkà, ṣe ojú ọ̀nà ìwádìí. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ọgbọ́n mẹ́ta tó ṣe kókó jù ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà ní ìlú náà kí abọ́ gíláàsì tó wọlé: sísọ omi ọkà di ohun tó dì, sísọ wàrà di ìṣù láìlo ẹ̀yà ara ẹran, àti mímú nǹkan tutù láìsí iná mànàmáná. Ṣúgà, gíláàsì àti fíríìjì ni ohun tó ti òkèèrè wá. Kì í ṣe nítorí ìgbéraga ni ó fi yẹ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọmọ tó ti agbo ilé tí kò ní fíríìjì wá sí kíláàsì máa ń jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀kọ́ náà, nítorí ó ti gbà pé ẹ̀kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni.

Ọjà Ìbà àti oúnjẹ tó ti jinná

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àpapọ̀ àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá sọ Ìbàdàn di àgọ́ ogun, àyíká Ọjà'ba sì ni àárín gbùngbùn ibùdó náà. Orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé ni ọjà náà ń jẹ́ títí di òní. Ìlú tí ogun bí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àyè láti máa dáná ní gbogbo ìgbà. Àwọn kan wà lójú ogun, àwọn kan wà ní oko tó jìnnà tí wọ́n máa ń sùn sí, àwọn mìíràn sì ń ná ọjà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Oúnjẹ tó ti jinná, tó ṣe é dì sínú àpò, tí ènìyàn sì lè jẹ ní tútù ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀kọ inú ewé bá ìwà rẹ̀ mu gan-an. Àgbẹ̀ lè mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ sí oko, kí ó fi àkàrà tì í lẹ́yìn ní òwúrọ̀. Bí oòrùn bá mú, yóò fọ́ èyí tó kù sínú omi, yóò pò ó, yóò sì mu ún.

Àwọn òpìtàn ti kọ ohun púpọ̀ nípa àwọn jagunjagun Ìbàdàn. Ohun tí àwọn jagunjagun náà jẹ, àti àwọn tó sè é fún wọn, kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú wọ abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ àdéhùn ọdún 1893, tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1901, tí wọ́n sì parí gbọ̀ngàn ńlá orí òkè Màpó ní 1929, àwọn ẹlẹ́kọ kò kúrò ní ìdí iṣẹ́ wọn. Ìkànìyàn ọdún 1952 rí nǹkan bí 459,000 ènìyàn ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ẹ̀kọ ń bọ́ ní àràárọ̀.

Ìkòkò ògì

Kì í ṣe àgbàdo ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe ògì nílẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọkà bàbà ti wà ṣáájú rẹ̀. Títí di òní, méjèèjì ń fún ènìyàn ní ògì: ti àgbàdo funfun máa ń funfun, ti àgbàdo pupa máa ń pọ́n díẹ̀, ti ọkà bàbà sì máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìyàtọ̀ àwọ̀ yìí yóò wúlò níwájú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní Ọjà'ba. Wọn yóò rẹ ọkà sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Wọn yóò lọ̀ ọ́, lórí ọlọ láyé àtijọ́, nínú ẹ̀rọ láyé òde òní. Wọn yóò fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Eèrí yóò kù sórí asẹ́, omi ògì yóò sì kọjá sínú ìkòkò. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ohun inú ìkòkò ti pín sí méjì: omidùn tó mọ́ wà lókè, ògì tó wúwo ti rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìpanu onípele, inú ìkòkò yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi rẹ ọkà ti di ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ dáadáa. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum, máa ń sọ ṣúgà inú ọkà di ásíìdì. Ásíìdì yìí ló ń mú ògì kan, òun náà ló sì ń dènà ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí í ba oúnjẹ jẹ́. Ìdí nìyí tí ògì tí wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ fi lè pẹ́ láìsí fíríìjì. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, Akinrele àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé sísẹ́ máa ń mú púpọ̀ nínú èròjà aṣaralóore ọkà lọ pẹ̀lú eèrí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe ògì tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́.

Ìgbà tí ògì bá dé orí iná ni ọgbọ́n kejì ń bẹ̀rẹ̀. Bí ooru bá ti wọ nǹkan bí ìwọ̀n 62 sí 72 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn hóró sítáàṣì inú ògì yóò mu omi, wọn yóò wú, ohun tó ṣàn tẹ́lẹ̀ yóò sì ki. Nígbà tó bá ń tutù, àwọn okùn tín-ín-rín inú sítáàṣì náà yóò so mọ́ ara wọn, wọn yóò sì há omi mọ́ àárín wọn. Báyìí ni ẹ̀kọ ṣe ń dì. Kò sí ẹyin níbẹ̀, kò sí egungun ẹran. Ẹlẹ́kọ kò ní òṣùwọ̀n ooru. Bí orógùn ṣe wúwo sí lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí ẹ̀kọ ṣe ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá ti mímu ni tàbí ti inú ewé.

Ó yẹ kí wọ́n gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn kọ́sítádì. Ní 1837, ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ Alfred Bird wá ọ̀nà tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi lè jẹ kọ́sítádì, nítorí pé ẹyin kò bá ara obìnrin náà mu, ẹyin sì ni wọ́n fi ń mú kọ́sítádì ki nígbà náà. Ohun tó fi rọ́pò ẹyin ni sítáàṣì àgbàdo. Ní 1842, Thomas Kingsford rí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ lè gbà yọ sítáàṣì lára àgbàdo lọ́pọ̀ yanturu ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà wá, kọ́sítádì inú agolo kò ju sítáàṣì àgbàdo gbígbẹ, àwọ̀ àti òórùn dídùn lọ. Bí wọ́n bá yọ àwọ̀ àti òórùn náà kúrò, ìyàtọ̀ tó kù láàárín rẹ̀ àti ògì kò pọ̀: ògì kan, ó sì tutù, kọ́sítádì kò kan, ó sì gbẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Èyí tó lọ sí òkè òkun ló padà wá pẹ̀lú agolo, tí wọ́n sì fún ní ipò àgbà.

Adùn kí ṣúgà tó dé

Kíkan ògì ló lè mú kí ẹnìkan sọ pé kò lè di ìpanu aládùn. Àwọn àgbà ti ní ìdáhùn sí èyí. Yàtọ̀ sí oyin àti ìrèké, igi méjì kan wà tí ìtàn wọn yani lẹ́nu.

Èkíní ni àgbáyun. Èso pupa kékeré ni. Bí ènìyàn bá lá a ní ẹnu, ohunkóhun tó kan tó bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò dùn bí oyin fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Des Marchais, ará Faransé kan tó rìn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín 1725 sí 1727, ti ṣe àkọsílẹ̀ èso náà. Ní 1852, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, tún kọ nípa rẹ̀, ó sì mẹ́nu ba bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi mú oúnjẹ ọkà tó kan àti ẹmu dùn.

Èkejì sún mọ́ ẹlẹ́kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín máa ń so èso pupa kan nídìí, lórí ilẹ̀. Daniell yìí kan náà ló kọ nípa èso náà ní 1855, orúkọ rẹ̀ sì wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un: Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Netherlands yọ èròjà adùn inú rẹ̀ jáde. Purotéènì ni, kì í ṣe ṣúgà, ó sì dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000 bí wọ́n bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń lò ó nínú oúnjẹ àti oògùn. Ewé rẹ̀ ni ọjà Ìbàdàn ń rà. Èso rẹ̀ ń jẹrà sínú igbó.

Ṣúgà ló borí gbogbo wọn nígbà tó dé, nítorí pé ó rọrùn láti tà, láti wọ̀n àti láti tọ́jú. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Bacita, lẹ́bàá odò Ọya, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti abẹ́lé ní 1964.

Wàrà àwọn obìnrin Fúlàní

Ìpele funfun kan tún wà tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà ní ìgboro Ìbàdàn máa ń fi omi inú ewé àti igi bọmubọmu sínú wàrà màlúù gbígbóná kí ó lè ṣù. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, èròjà inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wàrà wọn láti ayé àtijọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn tí kì í jẹ ẹran níbẹ̀ fi máa ń yẹ ara agolo wò kí wọ́n tó rà á. Ẹni tó bá ra wàrà ní Béèrè kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀wà sóyà ṣe wàrà pẹ̀lú, èyí tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú màlúù rárá.

Àmù, yìnyín àti iná mànàmáná

Títutù ni ọgbọ́n kẹta. Nínú gbogbo agbo ilé àtijọ́ ní Bẹyẹrúnkà tàbí nísàlẹ̀ òkè Màpó, àmù omi máa ń wà ní ìgun ilé níbi tí oòrùn kò dé. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí. Omi díẹ̀ díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde sí ara àmù, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń fa ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Ìdí nìyí tí omi àmù fi máa ń tutù ju omi inú báálì lọ. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé láti ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ní 1942, inú àmù ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń pọn ọ́n sí.

Ọmọ Nàìjíríà kan ló gbé ọgbọ́n yìí dé iwájú gbogbo ayé. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti ìhà àríwá, fi ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá ní 1995, ó fi iyanrìn kún àárín méjèèjì, ó ń bu omi rin iyanrìn náà, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu ìkòkò. Ẹ̀fọ́ àti èso inú rẹ̀ pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Rolex ní ọdún 2000. Ó kú ní 2010. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìhà àríwá ń mú ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ ju afẹ́fẹ́ Ìbàdàn lọ nígbà òjò, nítorí pé omi kì í tètè gbẹ nínú afẹ́fẹ́ tó ti lọ́rinrin. Ní àkókò ọyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Fíríìjì gba ọ̀nà méjì wọlé. Èyí tó ń lo kẹrosíìnì jáde láti inú iṣẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Sweden méjì, von Platen àti Munters, ní 1922, ó sì wúlò ní ibi tí iná mànàmáná kò tíì dé. Èyí tó ń lo iná mànàmáná tàn kálẹ̀ bí iná ṣe ń tàn kálẹ̀. Òfin ọdún 1950 ló dá àjọ iná mànàmáná ECN sílẹ̀. Ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Iná ṣì ń lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri wàrà dídì ilé iṣẹ́ Fan Milk, tó fi Ẹlẹ́yẹlé ṣe ibùdó, ti mú adùn títutù dé ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò ní fíríìjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ló jẹ́ pé lára kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ bí ohun tó dì ṣe ń rí lẹ́nu.

Bí kọ́sítádì ṣe wọ ilé ìwé

David Hinderer dé Ìbàdàn ní 1851. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, níbi tí Anna ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó sì ń kọ́ wọn. Nígbà ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, ẹrù òkè òkun kò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ohun tí ọjà Ìbàdàn ń tà ni wọ́n fi gbé ara wọn ró. Ó ṣeni ní kàyéfì pé ilé tí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí ti gba ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nípa oúnjẹ ìlú, síbẹ̀ tí ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè tó tẹ̀ lé e káàkiri ilẹ̀ yìí fi kọjú sí agolo. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin Kúdẹtì dàpọ̀ mọ́ ti CMS láti Èkó ní 1950 láti di St Anne's. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ó sì kó ọmọ agbo ilé wọ kíláàsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìmọ̀ ìtọ́jú ilé di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́.

Bí iye ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i, ìwé ìlànà sísè kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín oúnjẹ sí "oúnjẹ" àti "oúnjẹ ìbílẹ̀", ògì sì bọ́ sí apá kejì. Olùkọ́ lè fi wákàtí kan ṣàlàyé bí sítáàṣì kọ́sítádì ṣe ń ki láìmẹ́nu ba ẹ̀kọ tí gbogbo kíláàsì jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Níbí ni àdánù wà, ó sì ju ti owó lọ. Ọmọ ẹlẹ́kọ tó mọ ìdáhùn náà láti ìdí ìkòkò ìyá rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ṣíṣe é nínú ilé

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí kò ju fífi ohun tí ìtàn ti kó jọ sínú abọ́ kan. Fún ènìyàn mẹ́fà, ìdajì ife ògì funfun àti ìdajì ife ògì bàbà tó tó, kí wọ́n jẹ́ ògì tútù tí wọ́n ti ro omi rẹ̀ dànù. Àgbọn méjì ni wọn yóò rin, wọn yóò fi omi gbígbóná fún un títí wọn yóò fi rí ife wàrà àgbọn mẹ́rin. Wọn yóò fi díẹ̀ nínú wàrà àgbọn tó ti tutù po ògì funfun kí ó má baà ṣù, wọn yóò gbé èyí tó kù nínú ife méjì àkọ́kọ́ kaná pẹ̀lú oyin tàbí ṣúgà àti iyọ̀ tó kéré gan-an, wọn yóò da ògì sí i, wọn yóò sì máa rò ó láìdúró. Lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ó tún lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí iná. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kí sítáàṣì tó jinná tán, yóò ṣomi nínú abọ́. Bákan náà ni wọn yóò ṣe ti ògì bàbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e kaná títí ìpele àkọ́kọ́ yóò fi dì.

Sùúrù níbí ló ń ya ìpele sọ́tọ̀. Bí ògì bàbà gbígbóná bá lé ògì funfun tí kò tíì dì, méjèèjì yóò dàpọ̀, ohun tí wọn yóò rí kò ní ju ẹ̀kọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan lọ. Ìpele ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní awọ lójú, èyí tó máa ń gbà tó ìdajì wákàtí bí wọ́n bá gbé abọ́ náà sínú ọpọ́n omi àmù. Èso ni wọn yóò tò sí àárín méjèèjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ́ kí omi rẹ̀ ro.

Nípa èso, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ láti dánwò níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù àti ìbẹ́pẹ tútù ní èròjà tí ń já purotéènì. Nítorí náà, bí wọ́n bá kó wọn sínú jẹ́látììnì, kò ní dì láéláé, nítorí purotéènì ni jẹ́látììnì. Sítáàṣì kì í ṣe purotéènì, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ògì ṣe. Èso méjì tó pọ̀ jù ní ọjà Ìbàdàn bá ògì rẹ́ ju bí wọ́n ṣe bá jẹ́látììnì òkè òkun rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wàrà màlúù ní purotéènì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì lè sọ ọ́ di kíkorò. Bí wọ́n bá fẹ́ fi wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n rún ṣe ìpele òkè, máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, kíkan ògì kò tó láti dáàbò bo abọ́ náà mọ́ lẹ́yìn tí wàrà àgbọn àti ṣúgà bá ti wọ inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru ilé. Inú fíríìjì, ó lè di ọjọ́ kejì. Bí iná bá lọ, fíríìjì tí wọn kò ṣí lè di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n dà á nù. Ìkòkò inú ìkòkò ti Bah Abba kò tutù tó fíríìjì, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é ni kí wọ́n jẹ ẹ́.

Àsìkò jíjẹ rẹ̀ àti àsìkò kíkọ́ rẹ̀

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ adùn lẹ́yìn oúnjẹ. Nínú àṣà ìjẹun Yorùbá, omi ló máa ń tẹ̀ lé ọkà. Ohun dídùn jẹ́ ìpanu tó lè wáyé nígbàkigbà, pàápàá ní ọ̀sán tàbí nígbà tí àlejò bá dé. Bóyá ìdí nìyí tí tráífù kò fi ráyè nínú oúnjẹ alẹ́ àwọn ilé Ìbàdàn, tó sì fi ráyè nínú ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọ àti Kérésìmesì. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ pé "lẹ́yìn oúnjẹ" ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ń kọ́ ọ ní àṣà ilé ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé ohun méjì ni.

Ìṣòro tó kù jẹ́ ti àkókò. Kọ́sítádì inú agolo bá ìṣẹ́jú 80 tí wọ́n fún kíláàsì mu. Ògì gba ọjọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ rẹ ọkà ní ọjọ́ Ajé, kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ ní kí àwọn ọmọ gbóòórùn omi náà kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kí wọ́n sì sẹ́ ẹ ní ọjọ́rú, kí wọ́n wo bí omidùn àti ògì ṣe yà sọ́tọ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó gbé e kaná. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni yóò jáde nínú ohun tó jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹlẹ́kọ ni yóò sì máa ṣàlàyé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti eèrí tó bá kù sórí asẹ́, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ti mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.